Bí Kọ̀ǹpútà Bá Sùn Tí Kò Jí, Ta Ni Kí Wọ́n Gé Owó Rẹ̀?

Àwọn tí wọ́n ti ń ka ojú ewé yìí tipẹ́ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ owó oṣù, ọ̀rọ̀ ofataìmù àti ọ̀rọ̀ ìwọ̀sí ọ̀gá ni mo sábà máa ń sọ. Lónìí, ọ̀rọ̀ oorun ni mo gbé wá. Kì í ṣe oorun tèmi tàbí tiyín, nítorí àwa kì í rí i sùn bó ti yẹ. Oorun kọ̀ǹpútà ni. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rẹ́rìn-ín o, nítorí oorun yìí ti jẹ owó lápò ọmọ ẹgbẹ́ wa kan, bí a kò bá sì tètè dìde, yóò jẹ ti ẹlòmíràn.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Ọmọbìnrin kan wà nínú ẹ̀ka wa tí ó ń to ìwé lórí kọ̀ǹpútà ní ilé ìtẹ̀wé kan. N kò ní dárúkọ rẹ̀, n kò sì ní dárúkọ ilé ìtẹ̀wé náà, nítorí ọ̀rọ̀ ṣì wà nílẹ̀. Ìwé ètò ìsìnkú ni ó ń tò lọ́jọ́ náà, olójú ewé 48, tí àwòrán kún inú rẹ̀ bámúbámú. Gbogbo wa la mọ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀: ọjọ́ ìsìnkú kì í yẹ̀ nítorí pé ẹ̀rọ bàjẹ́. Ní agogo kan ọ̀sán, ọ̀gá ní kí wọ́n pa jẹnẹrétọ̀ nítorí owó epo. Ó ní kí olúkúlùkù tẹ Sleep lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ kí wọ́n lọ jẹun, pé ìnfátà á máa gbé wọn títí NEPA á fi mú iná dé. Ó tẹ̀ ẹ́ bí wọ́n ti wí. Ṣùgbọ́n bátìrì ìnfátà náà ti gbó. Kí ó tó di agogo méjì ààbọ̀ ó ti kú. Nígbà tí àwọn ọmọdé àdúgbò pariwo “Up NEPA!” tí wọ́n sì tan kọ̀ǹpútà, ó tan bí ìgbà tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án láti àárọ̀. Iṣẹ́ wákàtí márùn-ún ti lọ.

Ọmọ náà fi òru yẹn tún un ṣe, wọ́n sì kó ìwé náà fún àwọn olókùú lọ́jọ́ tí wọ́n dá. Síbẹ̀, nígbà tí oṣù parí, ọ̀gá yọ 30,000 náírà nínú owó rẹ̀, ó ní epo tí wọ́n jó lóru ni. Ó tún ní 30,000 mìíràn ń bọ̀ lóṣù tó kàn, fún ìyà tí wọ́n fi jẹ oníbàárà. Owó oṣù ọmọ yìí kò ju 75,000 lọ. Nígbà tí ó bẹ̀bẹ̀, èsì tó gbà ni pé, “Ṣé kì í ṣe ìwọ lo tẹ̀ ẹ́ ni?”

N óò sọ òtítọ́, nítorí ojú ewé yìí kì í ṣe ibi tí a ti ń gbè sẹ́yìn ọmọ ẹgbẹ́ láìbéèrè ọ̀rọ̀. Ó yẹ kí ọmọ náà ti tẹ Save kí ó tó tẹ Sleep. Mo bá a wí, ó sì gbà. Ọwọ́ òsì ni a fi ń bá ọmọ wí, ọ̀tún ni a fi ń fà á mọ́ra. Ṣùgbọ́n bí a bá fẹ́ mọ ẹni tó jẹ̀bi, a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ohun tí Sleep jẹ́ gan-an, nítorí mo rí i pé ọ̀gá kò mọ̀ ọ́n, òṣìṣẹ́ kò sì mọ̀ ọ́n.

Èmi tí mò ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, ìwé mẹ́fà ni mo kà, ìyókù jẹ́ ti ilé-ẹ̀kọ́ alẹ́. Ibẹ̀ ni ẹnjiníà kan tí ó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ti là mí lọ́yẹ̀, mo sì ti dán ohun tó kọ́ mi wò lórí ẹ̀rọ tiwa. Ní oṣù Kejìlá 1996, ilé-iṣẹ́ Intel, Microsoft àti Toshiba gbé òfin kan jáde tí wọ́n pè ní ACPI, tí ó sọ bí kọ̀ǹpútà yóò ṣe máa jí, tí yóò ṣe máa sùn, tí yóò sì ṣe máa kú. Wọ́n fún ipò kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, láti S0 dé S5. S0 ni pé kọ̀ǹpútà wà lójúfò, ó ń ṣiṣẹ́. S5 ni pé a ti pa á. S1 àti S2 kò wọ́pọ̀ mọ́ lórí ẹ̀rọ tí à ń lò. Èyí tó kàn wá ni S3 àti S4. S3 ni Sleep tí gbogbo wa mọ̀. S4 ni Hibernate.

Kí ni ìyàtọ̀ wọn? Ọ̀gá tí ó kọ́ mi níṣẹ́ fi lẹ́tà òjé tẹ̀wé rí kí ayé tó yí padà. Ó máa ń sọ fún wa pé bí òun bá ti to lẹ́tà òjé sínú férémù tí òun sì ti dè é le, bí iná lọ fún oṣù kan, òun á padà bá a níbi tí òun fi í sí. Bẹ́ẹ̀ ni S4 rí. Bí ẹ bá tẹ Hibernate, kọ̀ǹpútà á kó gbogbo ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, á kọ ọ́ sórí dísìkì, á wá kú pátápátá. Ẹ lè yọ wáyà rẹ̀ kúrò lára ògiri. Ẹ lè gbé e lọ sí Ìbàdàn. Bí ẹ bá tan án, iṣẹ́ yín á padà wá bó ti wà.

S3 kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú S3, iṣẹ́ yín wà nínú RAM, RAM sì dà bí àmù tó ń jò. Bí ẹ kò bá máa bomi kún un, ó ń gbẹ nìyẹn. Kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ yí gbogbo RAM ká kí ó sì bomi kún un tán láàárín mílísẹ́kọ́ńdì 64, èyí ni pé bí ìgbà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣoṣo. Nígbà tí ẹ̀rọ bá ń sùn ní S3, gbogbo ẹ̀yà ara rẹ̀ ni a ti pa, àfi iná kékeré tí ń bomi sínú àmù yìí. Ó dára, ó ń dín owó iná kù, ó sì ń jí kíákíá. Ṣùgbọ́n bí iná kékeré yẹn bá já, àmù gbẹ. Kò sí ẹnjiníà ní Ìkejà tàbí ní Amẹ́ríkà tó lè bá ẹ pọn omi náà padà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ó ti ń jí, nítorí ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ wà fún àwa òṣìṣẹ́. Lára pátákó inú kọ̀ǹpútà, chip kékeré kan wà tí àwọn tó ṣe é ti kọ àṣẹ sínú rẹ̀. BIOS ni a mọ̀ ọ́n sí. Ti òde òní ni wọ́n ń pè ní UEFI, ṣùgbọ́n àwọn ẹnjiníà wa ṣì ń pe gbogbo rẹ̀ ní BIOS. Àwọn tó ń kọ àṣẹ inú chip yìí, òṣìṣẹ́ bíi tiwa ni wọ́n. Ìpìlẹ̀ ẹ̀rọ ni wọ́n ń ṣiṣẹ́ sí, kí Windows tó dé. Bí ẹ bá tẹ Sleep, Windows á kọ́kọ́ sọ fún ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan pé kí ó palẹ̀ mọ́. Á fi àdírẹ́sì ibi tí òun yóò ti bẹ̀rẹ̀ padà sílẹ̀ níbi tí òun àti BIOS ti jọ fohùn sí. Lẹ́yìn náà ni yóò kọ nọ́ńbà oorun náà sínú àyè kan nínú chip tó ń darí iná. Bí ó ti kọ ọ́ tán, iná á kú lára ohun gbogbo àfi RAM àti ìwọ̀nba tó ń ṣọ́ bọ́tìnì.

Nígbà tí ẹ bá wá tẹ bọ́tìnì láti jí i, ọpọlọ ẹ̀rọ kò rántí nǹkan kan. Ìlà àkọ́kọ́ nínú BIOS ni yóò ti bẹ̀rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rọ tí a ti pa láti àná. BIOS ló gbọ́dọ̀ béèrè pé, “Ṣé ikú ni ẹ̀rọ yìí ti ń bọ̀ ni, àbí oorun?” Á lọ ka nọ́ńbà tí Windows kọ sílẹ̀. Bí ó bá rí i pé S3 ni, ó di èèwọ̀ fún un láti nu RAM mọ́ bí ó ti lè ṣe nígbà tí a bá ń tan ẹ̀rọ ní àárọ̀. Á tún ọ̀nà RAM ṣe gẹ́gẹ́ bí ó ti kọ ọ́ pamọ́ tẹ́lẹ̀, á gbé àwọn ẹ̀yà yòókù padà sí ipò wọn, á wá fo lọ sí àdírẹ́sì tí Windows fi sílẹ̀. Bí ẹni tó kọ BIOS bá gbàgbé ẹyọ kan nínú ètò yìí, ojú kọ̀ǹpútà lè dúdú, kí fáànù máa fẹ́, kí ẹ sì máa pè é kí ó má jẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣiṣẹ́ ọ̀sán àti òru rí, ẹ ó mọ ohun tí mò ń sọ. Ẹni tó ń lọ sílé gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sínú ìwé fún ẹni tó ń wọlé: pléètì wo ló wà lórí Kord, táńgánran wo ni kí wọ́n má fọwọ́ kàn, iṣẹ́ wo ló kù. Bí kò bá kọ ọ́, ẹni tó wọlé lè fọ ọ̀dà tó yẹ kí ó fi sílẹ̀. Oorun kọ̀ǹpútà kò ju ìfiṣẹ́lélẹ̀ lọ. Àwọn tó ṣe é mọ̀ pé ẹni tó ń sùn kò lè dáhùn fún ara rẹ̀, nítorí náà wọ́n kọ ohun gbogbo sílẹ̀.

Wàyí o, kí ni BIOS ń ṣe bí iná bá já pátápátá nígbà tí ẹ̀rọ ń sùn? Bátìrì kékeré kan wà lára pátákó, ó dà bí owó ẹyọ. Kò lágbára láti gbé RAM. Aago ni ó ń gbé, àti àwọn àmì díẹ̀ kan. Lórí pátákó Intel, ọ̀kan nínú àwọn àmì náà ni èyí tó ń sọ pé iná já. Nígbà tí ẹ̀rọ bá tan padà, BIOS tí wọ́n kọ dáadáa á wo àmì yìí, á mọ̀ pé RAM ti ṣófo, kò sì ní gbìyànjú láti jí òkú. Á bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin ará, ẹ wò ó dáadáa. Ẹ̀rọ tí kò lẹ́mìí kọ ọ́ sílẹ̀ nínú ara rẹ̀ pé iná ló já. Kò kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọmọbìnrin tó jókòó síwájú òun ló jẹ̀bi. Ṣé kí ẹ̀rọ wá ṣòdodo ju ènìyàn lọ?

Ẹ jẹ́ kí a tún béèrè ibi tí oorun yìí ti wá. Ní 1992, ìjọba Amẹ́ríkà dá ètò kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Energy Star, kọ̀ǹpútà àti ojú rẹ̀ ni ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n lẹ àmì náà mọ́. Ohun tí wọ́n ń wá ni pé kí ẹ̀rọ tí ẹnikẹ́ni kò lò má máa jẹ iná lásán. Èrò rere ni. Ṣùgbọ́n ibi tí iná kì í já ni wọ́n ti gbèrò rẹ̀. Ẹni tó bá ń gbé níbi tí iná ara ògiri ń wà tọ̀sán-tòru lè sọ fún kọ̀ǹpútà pé kí ó sùn ní S3 kí ó sì lọ sùn tirẹ̀ pẹ̀lú. Ní tiwa ńkọ́? Ní 1972 ni wọ́n dá NEPA sílẹ̀. Ní 2005 ó di PHCN. Ní oṣù Kọkànlá 2013 wọ́n fà á lé àwọn oníléeṣẹ́ aládàáni lọ́wọ́. Orúkọ yí padà lẹ́ẹ̀mejì, àwọn ọmọdé ṣì ń pariwo “Up NEPA!” nítorí iná ṣì ń lọ, ó ṣì ń bọ̀. Ẹ̀rọ tí kò ní bátìrì tirẹ̀, tí a fi sùn ní S3 ní Ṣómólú, bí ẹni tó fi ẹyin sórí orí ìṣáná ni.

Àwọn tó ṣe ẹ̀rọ náà kò gbàgbé irú wa tán o. Láti ìgbà Windows Vista, tó jáde fún gbogbo ayé ní oṣù Kìíní 2007, ni wọ́n ti pa S3 àti S4 pọ̀ di ọ̀kan fún kọ̀ǹpútà orí tábìlì. Hybrid sleep ni wọ́n pè é. Bí ẹ bá tẹ Sleep, kọ̀ǹpútà á kọ́kọ́ kọ iṣẹ́ yín sórí dísìkì bí ti Hibernate, á wá sùn bí ti S3. Bí iná kò bá já, á jí kíákíá. Bí iná bá já, á lọ gbé ẹ̀dà tó wà lórí dísìkì. Bí a bá ti ṣe é báyìí lórí kọ̀ǹpútà ọmọ tí mò ń sọ yìí, ẹyọ fọ́tò kan kò bá má sọnù.

Kí ló dé tí kò fi sí níbẹ̀? Èmi àti ẹnjiníà mi lọ wò ó, pẹ̀lú àyè tí ọ̀gá fúnra rẹ̀ fún wa. Dísìkì inú ẹ̀rọ náà kéré. Hibernate nílò àyè ńlá lórí dísìkì láti kọ iṣẹ́ sí. Ẹni tí ilé ìtẹ̀wé gbé ẹ̀rọ fún ní ọdún tó kọjá ti pa Hibernate rẹ́ kí àyè lè gbà wọ́n. Bí a bá sì ti pa á rẹ́, hybrid sleep kú pẹ̀lú rẹ̀, Sleep nìkan ló kù, láìsí ẹ̀rí kankan lójú kọ̀ǹpútà. Wọ́n tún ti pa ìfipamọ́ tí CorelDRAW máa ń ṣe fúnra rẹ̀, nítorí ó ń fa ẹ̀rọ sẹ́yìn. Ta ló ra dísìkì kékeré? Ta ló pe ẹni tó pa Hibernate? Ta ló mọ̀ pé bátìrì ìnfátà ti gbó tí kò pààrọ̀ rẹ̀? Ta ló pàṣẹ pé kí gbogbo ènìyàn tẹ Sleep? Nínú ọwọ́ márùn-ún tó kan iṣẹ́ yẹn, ọwọ́ kan ṣoṣo ni ti òṣìṣẹ́, òun nìkan sì ni wọ́n gé owó rẹ̀. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.

Mo mọ ohun tí àwọn ọ̀gá yóò sọ, kì í sì í ṣe irọ́. Wọ́n ó ní owó epo ti pa àwọn. Kí oṣù Kárùn-ún 2023 tó parí, lítà epo bẹntiróòlù kan kò tó 200 náírà ní Èkó. Ní ìparí 2024, ó ti kan 1,000. Ní oṣù Kẹrin 2024, wọ́n gbé owó iná àwọn tí wọ́n kà sí Band A láti nǹkan bíi 68 náírà lọ sí 225 náírà fún ìwọ̀n kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ilé ìtẹ̀wé kékeré tó ń lo ẹ̀rọ méjì ń ru ẹrù yìí lórí bí ilé-iṣẹ́ ńlá. Mo gbà. Èmi kò sọ pé kí ọ̀gá jẹ́ kí jẹnẹrétọ̀ máa jó tọ̀sán-tòru. Kọ̀ǹpútà tó ń sùn ń jẹ ìwọ̀nba wáàtì díẹ̀, èyí tó wà lójúfò ń jẹ ìlọ́po rẹ̀ lọ́nà púpọ̀. Ẹ jẹ́ kí a máa fi ẹ̀rọ sùn. Ohun tí mò ń sọ ni pé kí a fi í sùn ní irú oorun tó bá iná ìlú wa mu. Hibernate kò jẹ iná rárá, ó tún sàn ju Sleep lọ fún àpò ọ̀gá. Ìṣẹ́jú díẹ̀ tó máa gbà láti jí kò tó owó epo òru kan.

Ọ̀rọ̀ láptọ́ọ̀pù tún wà níbẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ ilé ìtẹ̀wé ti ń ra tòkunbọ̀ láti Ìkejà dípò ti orí tábìlì, wọ́n ní bátìrì wà nínú tirẹ̀. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra. Láti 2012, pẹ̀lú Windows 8, ni wọ́n ti mú oorun mìíràn wọlé, tí wọ́n wá ń pè ní Modern Standby láti ìgbà Windows 10. Ẹ̀rọ tó ń lò ó kì í sùn ní S3. Ojú kan ló ń dì, bíi ti fóònù, ó ṣì ń gba ìsọfúnni wọlé. BIOS ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù tuntun kò tilẹ̀ ní S3 mọ́. Ẹ lè tì í sínú báàgì ní agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́ kí ẹ bá a ní àárọ̀ tí ó ti gbóná, tí bátìrì rẹ̀ sì ti ṣófo.

A lè ja irú ìjà yìí kí a sì borí. Ní 2018, Lenovo gbé láptọ́ọ̀pù ThinkPad X1 Carbon ìran kẹfà jáde láìsí S3 nínú BIOS rẹ̀. Àwọn tó rà á, pàápàá àwọn tó ń lo Linux, fi ohùn ṣọ̀kan, wọ́n ní kí wọ́n dá S3 àwọn padà. Kí ọdún náà tó parí, ilé-iṣẹ́ náà gbé BIOS tuntun jáde tó jẹ́ kí ẹni tó ni ẹ̀rọ yan irú oorun tó bá fẹ́. Ẹnì kan ṣoṣo kò lè rí èyí gbà. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ òfin. Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ wa, tí ìjọba ológun gbé jáde ní 1974, tó sì wà nínú ìwé òfin títí di òní, sọ ọ́ gbangba ní abala karùn-ún. Agbanisíṣẹ́ kò gbọ́dọ̀ yọ owó òṣìṣẹ́ àfi níbi tí òfin bá ti fàyè gbà á. Bí ó bá ní òṣìṣẹ́ mọ̀ọ́mọ̀ ba nǹkan òun jẹ́ tàbí pé ó ṣe àìbìkítà, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba àṣẹ nínú ìwé lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, kí ó tó yọ owó tó mọ níwọ̀n. Òfin kan náà ní gbogbo ohun tí wọ́n bá yọ nínú oṣù kan kò gbọ́dọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta owó oṣù lọ. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Ìdá kan nínú mẹ́ta 75,000 ni 25,000. Ọ̀gá yọ 30,000, láìsí ìwé lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Nítorí náà, bí a bá tilẹ̀ gbà pé àìbìkítà ni ọmọ náà ṣe, ọ̀nà tí wọ́n gbà yọ owó náà kò bófin mu.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ̀ka wa fohùn sí ní ìpàdé tó ń bọ̀ nìyí. Èkíní, kí àwọn olóyè ẹgbẹ́ bá mi lọ rí ọ̀gá yẹn pẹ̀lú ìwé òfin lọ́wọ́ kí oṣù tó parí. Kí ó dá 30,000 padà, kí ó sì gbàgbé 30,000 kejì. Kí a lọ ní pẹ̀lẹ́, nítorí ọ̀gá náà kì í ṣe ènìyàn búburú, òun náà sì ti fún wa láyè wo ẹ̀rọ rẹ̀. Èkejì, kí a sọ fún gbogbo ilé ìtẹ̀wé tí ọmọ ẹgbẹ́ wa wà pé, lórí ẹ̀rọ tí kò ní bátìrì, Hibernate tàbí hybrid sleep ni kí wọ́n lò. Bí dísìkì bá kéré, kí ọ̀gá ra èyí tó tóbi.

Ẹ̀kẹta kan ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ fúnra yín. Ẹ tẹ Save kí ẹ tó dìde lórí àga, bí ẹ ti ń pa Kord kí ẹ tó ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀. Ẹ ṣí ojú dúdú Command Prompt, ẹ kọ powercfg /a síbẹ̀, kọ̀ǹpútà á sọ irú oorun tó mọ̀ fún yín àti irú èyí tí kò mọ̀. Kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ. Bí ó bá ní Hibernate kò sí, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, ẹ fún ọ̀gá ní ẹ̀dà kan, ẹ fi ẹ̀dà kan pamọ́ sọ́dọ̀ aṣojú ẹgbẹ́. Ètò kan sì wà nínú BIOS orí tábìlì tó ń sọ ohun tí ẹ̀rọ yóò ṣe bí iná bá já tó sì padà dé. Ní àdúgbò wa, tí iná ti ń ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mẹta kí ó tó dúró, kí ẹ jẹ́ kí ẹnjiníà fi í sí ibi tí ẹ̀rọ kò ti ní tan fúnra rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, bí ọ̀gá bá pàṣẹ pé kí ẹ fi ẹ̀rọ sùn, ẹ ṣe é, ṣùgbọ́n ẹ béèrè pé kí ni ó ń gbé e nígbà tí ó bá ń sùn. Kì í ṣe àfojúdi láti béèrè. Kí á sọ pé, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé bátìrì ìnfátà yìí á gbé wa dé agogo mẹ́ta?” Bí ọmọ náà bá ti béèrè èyí lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, bóyá ẹnikẹ́ni kì bá tí fi òru ṣiṣẹ́.

Ẹ̀yin ará, àwọn tó kọ BIOS ti mọ̀ tipẹ́ pé ẹni tí wọ́n bá ní kó sùn ní ẹ̀tọ́ kan: kí iná tí wọ́n ṣèlérí fún un má já, bí ó bá sì já, kí wọ́n kọ òtítọ́ sílẹ̀ nípa ohun tó fà á. Ohun tí à ń bẹ̀bẹ̀ fún nípa ọmọ ẹgbẹ́ wa kò ju èyí lọ. Ó ṣe ohun tí wọ́n ní kó ṣe. Ó lọ jẹun, ó sì padà dé lásìkò. Kí á dá owó rẹ̀ padà fún un.

Kí gbogbo yín pé jọ sí ìpàdé o. Kí aṣojú kọ̀ọ̀kan mú orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ tí wọ́n bá ti gé owó rẹ̀ nítorí iná wá, bó ti wù kí owó náà kéré mọ. Ìṣọ̀kan ni agbára. Ire o.